Ẹja tútù là ń ká: Ọbẹ̀ àrọ̀ ọjọ́ ọdún nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò gbọdọ̀ parẹ́

Àwọn àgbà ní ẹja tútù là ń ká, bó bá gbẹ tán, ṣíṣẹ́ ní ń ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ló máa ń wà lọ́kàn wọn: ọmọ tí wọn kò bá kọ́ ní kékeré, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ṣùgbọ́n kí òwe náà tó di òwe, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ẹni tó bá yà sí ilé ìdáná kan l'Ábẹ́òkúta nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìyá àgbà á jókòó sórí àpótí, á fi ọwọ́ kan di orí ẹja àrọ̀ mú, á fi ọwọ́ kejì fa ìrù rẹ̀ wá síbi ẹnu, á sì fi igi ìgbálẹ̀ tuntun tí wọ́n ti fọ̀ gún un pọ̀. Ẹja tó gùn bí apá ọmọdé á di roboto bí òṣùká.

Bí ẹja náà bá ti pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tó kú, ara rẹ̀ á ti le. Ẹni tó bá fi agbára ká a, awọ rẹ̀ á fà ya, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣẹ́. Ibẹ̀ ni òwe ti jáde.

Ọbẹ̀ tí wọ́n ń fi irú ẹja kíká bẹ́ẹ̀ sè ní ọjọ́ Líṣàbí, ní ọjọ́ Kérésìmesì, ní ọjọ́ kejì Iléyá tàbí ní ọjọ́ ìkómọjáde ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí lónìí. Kì í ṣe pé ẹja ti ṣọ̀wọ́n. Àrọ̀ kún ọjà lóde òní ju bó ṣe wà láyé àwọn bàbá wa lọ. Ohun tó ń dínkù ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n sè ní odidi. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun wálé wá ṣọdún ló mọ ẹja jẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé àrọ̀ tó ń jà nínú báàfù síwájú wọn, wọn á ní kí ọlọ́jà bá wọn gé e wẹ́wẹ́, wọn á dà á sínú òróró gbígbóná, wọn á sì fi ata bò ó. Ìyẹn náà ṣeé jẹ. Àmọ́ kì í ṣe ọbẹ̀ ọdún.

Odò Ògùn àti àwọn ọmọ Líṣàbí

Ẹ̀gbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ ẹja. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, tí Ṣódẹkẹ́ sì ṣáájú wọn dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830, àpáta nìkan kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Odò Ògùn wà nítòsí. Odò yìí ṣàn wá láti ìhà Ṣakí ní Òkè Ògùn, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì lọ dà sínú ọ̀sà l'Ékòó. Àpáta fún wọn ní ààbò, odò fún wọn ní omi àti ẹja. Títí di òní, àwọn tó ń bọ Yemọja, tí odò Ògùn jẹ́ ilé rẹ̀, a máa sọ fún ọmọ wọn pé ohun tí orúkọ òrìṣà náà túmọ̀ sí ni Yèyé ọmọ ẹja.

Ní ọdún 1983, wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta, lórí odò Ọ̀yán tó ń ṣàn lọ bá odò Ògùn. Torí kí omi lè dé Abẹ́òkúta àti Èkó, kí àwọn àgbẹ̀ sì lè rí omi bu rin oko ni wọ́n ṣe sé odò náà. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n sé di adágún ńlá, àwọn apẹja sì rí ibi iṣẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀sìn ẹja gbilẹ̀. Yunifásítì ètò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní ọdún 1988, tó wà ní Àlàbàtà, ní ẹ̀ka kan tó jẹ́ ti ọ̀sìn àti àbójútó ẹja. Lónìí, ẹni tó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìnkùlé lè gbẹ́ kòtò tàbí kó kọ́ tánkì, kó fi sin àrọ̀. Nàìjíríà sì wà ní iwájú lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sin ẹja yìí lágbàáyé.

Ohun tó jẹ́ kí àrọ̀ rọrùn láti sìn náà ló jẹ́ kó rọrùn láti tà láàyè. Ẹja yìí ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń fa afẹ́fẹ́ òkè símú bí omi bá kéré. Ìdí nìyí tó fi lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú báàfù ọlọ́jà, níbi tí ẹpìyà á ti kú tipẹ́.

Láti ọjà ni ọbẹ̀ ti ń dùn

Bí ó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì kí ọdún kò, ẹsẹ̀ kì í gbèrò ní ọjà Láfẹ́nwá àti ọjà Kútọ̀. Obìnrin tó mọ ohun tó ń ṣe kì í kánjú ra ẹja. Á kọ́kọ́ wo omi tó wà nínú báàfù. Bó bá dọ̀tí tó ń rùn, á kọjá. Á wo awọ ẹja: ó gbọ́dọ̀ máa dán, kó má ní egbò. Á wo ikùn rẹ̀, kó má wú. Bí ọlọ́jà bá ki ọwọ́ bọ omi, ẹja tí ara rẹ̀ yá á jà, á ta omi sí ènìyàn lára. Èyí tó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí kò mira, ó ti ń kú lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó ẹja ààyè lé e lórí.

Bó bá jẹ́ ẹja tó ti kú ni, ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kedere. Bó bá ti jìn wọnú tó sì ṣe bàìbàì, ẹja náà ti pẹ́ nílẹ̀. Kí ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ wò, inú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kí ẹ wá fi ìka tẹ ara rẹ̀. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn tí kò padà wú, ẹ jẹ́ kó máa bá ọlọ́jà gbé.

Fún ìdílé ènìyàn mẹ́fà, àrọ̀ méjì tí ìkọ̀ọ̀kan wọn sún mọ́ kílò kan á tó. Èyí tó bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í rọrùn láti ká sínú ìkòkò ilé, gígé ló yẹ ẹ́.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ènìyàn béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà: ṣé ẹja odò ni àbí ẹja kòtò? Ẹja odò ń wá oúnjẹ rẹ̀ kiri, ara rẹ̀ a máa le, ọ̀rá rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹja tí wọ́n sìn ń jẹun níbi tó wà, ó máa ń sanra, ó sì máa ń rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ se ẹja kòtò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í pẹ́ lórí iná kó tó jinná.

Fífọ̀, yíyọ inú àti kíká

Àrọ̀ ní ẹ̀gún líle kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì lẹ́bàá orí rẹ̀. Ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìfura, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Nítorí náà, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án rárá, wọn á kọ́kọ́ fi ọmọ odó lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè kú. Kí àwọn ọmọdé má sún mọ́ ibẹ̀.

Àrọ̀ kò ní ìpẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń yọ̀. Bí wọn kò bá bọ́ ohun yíyọ̀ yìí kúrò, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọbẹ̀. Àwọn ìyá kan á fi iyọ̀ pa á láti orí dé ìrù. Àwọn mìíràn á fi eérú igi. Àwọn tó wà nígboro ń lo álọ́ọ̀mù tàbí ọsàn wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn á fi omi tútù ṣàn án títí ọwọ́ kò fi ní yọ̀ lára rẹ̀ mọ́. Omi gbígbóná náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kó má ṣe jẹ́ omi híhó. Omi híhó a máa bó ẹja láwọ, ẹja tí awọ rẹ̀ bá sì ti bó kì í dúró nínú ọbẹ̀.

Ibi tó gba ìfarabalẹ̀ jù ni inú ẹja. Ojú kékeré ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ lá sí ikùn rẹ̀. Wọn kì í là á láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí ẹja tí wọ́n bá là bẹ́ẹ̀, bó bá ti gbóná ló máa ṣí sílẹ̀ bí ìwé. Láti ojú kékeré yẹn ni wọ́n á ti fi ìka fa ìfun jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òróòro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀, àwọ̀ ewé ló ní. Bó bá fi lè bẹ́, ọbẹ̀ ti korò nìyẹn, kò sì sí ata tàbí irú tó lè gbà á là. Wọ́n á tún yọ ohun pupa tí ẹja fi ń mí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, nítorí ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń há sí.

Nígbà náà ni kíká dé. Bí wọ́n bá ti fa ìrù dé ẹnu tí wọ́n sì ti fi igi gún un pọ̀, wọn á gún ata ilẹ̀ àti aáyù, wọn á po ó mọ́ iyọ̀ díẹ̀, wọn á fi pa ẹja nínú àti lóde. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, wọn á tò ó sórí wáyà lókè ẹ̀yinná tí kò le. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yan án gbẹ. Wọ́n kàn fẹ́ kí awọ rẹ̀ gan díẹ̀, kí èéfín sì wọ̀ ọ́ lára ni. Bí ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ẹni tó ń lo gáàsì tàbí sítóòfù lè fi òróró díẹ̀ pa agbada, kó jẹ́ kí ẹja wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kọ̀ọ̀kan. Kò ní ní òórùn èéfín, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ á dúró.

Kí omi ata kọ́kọ́ gbẹ

Fún ẹja méjì yìí, tàtàṣé mẹ́fà, tòmátì mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti àlùbọ́sà ńlá méjì ló ń bá a rìn. Tàtàṣé gbọ́dọ̀ pọ̀ ju tòmátì lọ, kí ọbẹ̀ má baà kan. Wọ́n á fi àlùbọ́sà kan lọ̀ ọ́ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ kúná jù.

Ibí yìí ni àwọn ọmọ ìwòyí ti máa ń ṣe àṣìṣe. Bí ata bá ti ti ibi ẹ̀rọ ìlọta dé, inú epo ni wọ́n ń dà á sí. Ata gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hó nínú ìkòkò láìsí epo, láìsí ọmọrí, títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Bí omi bá ṣì wà nínú ata, òun àti epo kò ní gbà fún ara wọn. Ọbẹ̀ á máa ṣàn, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ẹja.

Epo pupa ni ti ìbílẹ̀. Àwọn mìíràn fẹ́ràn òróró ẹ̀pà, àwọn kan sì ń da méjèèjì pọ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, epo gbọ́dọ̀ gbóná, kò gbọdọ̀ jó. Àlùbọ́sà kejì ni wọ́n ń gé sí i. Bó bá ti rọ̀ tó ń ta sánsán, wọ́n á da irú tí wọ́n ti ṣa yanrìn kúrò lára rẹ̀ sí i, kí ata tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ kúrò lára ṣíbí nígbà yìí. Wọ́n á máa rò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí epo á fi yọ sójú ata. Ìgbà yẹn ni wọ́n á bu ife omi gbígbóná kan sí i, kí ẹja lè rí ibi jókòó sí.

Ṣíbí kò níṣẹ́ mọ́

Láti ìgbà tí ẹja bá ti wọ ìkòkò, ṣíbí kò níṣẹ́ mọ́. Òfin yìí ni ìyá fi ń dán ọmọ wò, nítorí ẹni tí kò ní sùúrù kò lè pa á mọ́. Ìkòkò tó fẹ̀ nídìí ni wọ́n ń lò, kí ẹja má baà gun ara wọn. Wọ́n á tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á dé e, wọ́n á sì fa igi sẹ́yìn kí iná lè relẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá, wọ́n á ṣí i, wọ́n á rọra bu ọbẹ̀ lé ẹja lórí, wọ́n á tún dé e padà. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n pé ìdí ọbẹ̀ fẹ́ jó, wọ́n á fi àkísà di etí ìkòkò méjèèjì mú, wọ́n á mì ín jẹ́jẹ́ sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó bá ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ọbẹ̀ ẹja fífọ́ ló máa bù fún àlejò.

Ẹja kì í ṣe ẹran màlúù tí wọ́n ń fi wákàtí bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti tó. Ó jinná bí ara rẹ̀ bá ti funfun dé ìdí egungun, tí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ kankan kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja tí kò jinná, pàápàá ẹja odò, nítorí kòkòrò àti aràn lè wà nínú rẹ̀.

Iyọ̀ ló ń kẹ́yìn. Wọ́n ti fi iyọ̀ pa ẹja lára, irú tí wọ́n rà lọ́jà lè ti ní iyọ̀, magí náà sì ní tirẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò yẹ kó tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn kò kún ṣíbí tíì kékeré kan. Bàbá tàbí ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ rántí èyí ní ọjọ́ ọdún ju ọjọ́ mìíràn lọ. Irú, ata ilẹ̀ àti aáyù lè ṣe iṣẹ́ tí magí mẹ́rin fẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á já ewé efinrin díẹ̀ sí i, wọ́n á dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Òórùn tó bá jáde nígbà náà ló ń sọ fún aládùúgbò pé ọdún ti dé ilé yìí.

Kọ́rì àti àwọn ará Bẹ́ńgálì

Ní ọ̀pọ̀ ilé lónìí, wọ́n ń bu kọ́rì díẹ̀ sí ọbẹ̀ ẹja. Ó ti pẹ́ nínú ilé ìdáná wa débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka á sí àlejò mọ́. Ìhà Íńdíà ni kọ́rì ti wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣòwò tó sì ṣàkóso níbẹ̀ ló po oríṣiríṣi èròjà ọbẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ di ìyẹ̀fun kan ṣoṣo, tí wọ́n sì gbé e dé àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń ṣàkóso, títí kan tiwa. Ata ilẹ̀ pupa ló fún un ní àwọ̀ ìyeyè tó ní.

Ní ìhà ibẹ̀ kan náà, àwọn ènìyàn kan wà tí ẹja jẹ́ ọba oúnjẹ ọdún fún. Àwọn ni Bẹ́ńgálì, tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè Bangladesh àti ní ìpínlẹ̀ West Bengal ní Íńdíà. Ilẹ̀ olódò ni ilẹ̀ wọn, ìrẹsì àti ẹja ni wọ́n sì fi ń júwe ara wọn. Ẹja tí wọ́n kà sí jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ilish, ẹja òkun tó máa ń gòkè wọ inú odò wá yé ẹyin. Òun ni Bangladesh fi ṣe ẹja orílẹ̀-èdè. Ní ọdún tuntun wọn, tó máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹrin, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń fi ilish jẹ ìrẹsì tí wọ́n rẹ sínú omi mọ́jú. Ọjọ́ kan tún wà lọ́dún tí ìyá ìyàwó ń se àsè fún ọkọ ọmọ rẹ̀, ẹja kì í sì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Bí ìgbéyàwó bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìdílé ọkọ a máa gbé odidi ẹja lọ sí ilé ìyàwó, wọ́n á ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn kan tilẹ̀ ń wọ aṣọ fún un bí ìyàwó tuntun.

Bí wọ́n ṣe ń se é kò jìnnà sí tiwa. Wọ́n á fi iyọ̀ àti ata ilẹ̀ pupa pa ẹja lára. Dípò tàtàṣé, irúgbìn mustard ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ata tútù. Òróró mustard ni wọ́n ń dà lé e dípò epo pupa. Wọ́n á dé e lórí iná díẹ̀, wọn kì í sì í fi ṣíbí yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyàtọ̀ kan tó ṣe pàtàkì ni pé ilish kún fún egungun wẹ́wẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n jẹ, á há a lọ́fun. Àrọ̀ tiwa kò ní irú egungun wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí arúgbó àti ọmọdé fi lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a kọ́ lára wọn kọjá ọ̀rọ̀ èròjà. Àwọn Bẹ́ńgálì tó ti ń gbé ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù láti ọ̀pọ̀ ọdún kò tíì fi ẹja wọn sílẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wọn níbẹ̀ ń ta ilish tí wọ́n fi yìnyín gbé wá, kí ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó lè mọ̀ ọ́n sè kó sì mọ̀ ọ́n jẹ. Ní Peckham, lápá ibòmíràn nínú Lọ́ńdọ̀nù kan náà, àwọn ọmọ Yorùbá náà ń rí àrọ̀ gbígbẹ tí wọ́n ká rà. Ṣùgbọ́n àrọ̀ gbígbẹ, ẹlòmíràn ló ti bá wọn ká a.

Bí ọbẹ̀ bá délẹ̀

Láfún ni oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá jù, kò sì sí ọbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n bá rìn tó ọbẹ̀ ẹja, pàápàá bí ewédù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ọdún, àwọn mìíràn á se ìrẹsì Ọ̀fàdà, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Ọ̀fàdà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Àwo pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń gbé odidi ẹja jáde nínú ìkòkò, wọ́n á yọ igi ìgbálẹ̀ kúrò, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ pín in lójú gbogbo ilé.

Pípín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá tàbí ẹni tó dàgbà jù ló ni orí. Àlejò á gba àárín, níbi tí ẹran ti pọ̀. Àwọn ọmọ á gba ìhà ìrù. Ẹja tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n dín kò fi ẹni tó jẹ́ àgbà hàn, gbogbo rẹ̀ ló rí bákan náà. Ẹja odidi ń sọ ẹni tó bí ẹni, ó sì ń jẹ́ kí ọmọ mọ ipò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìkómọjáde, ẹja wà lára ohun tí àwọn àgbà fi ń wúre fún ọmọ tuntun, pé bí ẹja ti ń fi orí la ibú já, kí ọmọ náà fi orí rẹ̀ la ayé já.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á

Kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ọdún tí wọn kò ní mẹ́nu ba owó. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí iye náírà sì já wálẹ̀, owó ọjà ti gbẹ́nu sókè. Oúnjẹ ẹja náà kò gbẹ́yìn, àwọn tó ń sin àrọ̀ sì ní láti gbé e lé orí ẹja tí wọ́n ń tà. Ilé tó ti máa ń ra ẹja mẹ́rin nígbà kan lè máa wá bí wọ́n ṣe máa ra méjì.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá fún irú àkókò yìí. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ti sọ, àárò ni Líṣàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ, kí wọ́n máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ oko lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ náà tó di ohun tí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú agbo ilé kan lè da owó pọ̀, kí wọ́n lọ bá ẹlẹ́ja níbi kòtò rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń kó o, kí wọ́n rà á ní kílò, kí wọ́n sì pín in láàárín ara wọn. Wọ́n á bọ́ lọ́wọ́ èrè alágbàtà. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá sì ká àrọ̀ méjì lè ra ẹyọ kan, kó fi ẹpìyà kún un. Ẹyọ kan tí wọ́n ká dáadáa tó láti jẹ́ kí ọmọ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìyẹn gan-an ló ṣe pàtàkì. Nígbà tí àwọn ọmọ bá wálé ní ọdún tó ń bọ̀, kí àwọn ìyá má sáré lọ dá nìkan se ọbẹ̀ tán ní ìdájí nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ wọ́n láti ìrìn àjò. Kí wọ́n pè wọ́n wá síbi àpótí, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kí wọ́n fi òróòro hàn wọ́n. Kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dúró ti ata títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Kí wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ wọn bí ẹja bá ti wọ ìkòkò.

Bí ọmọ bá ká ẹja àkọ́kọ́ tó sì fà á ya, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí i. Ẹja tó ya náà á jinná, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Bí ọdún mìíràn bá dé, kí wọ́n tún gbé òmíràn lé e lọ́wọ́.